Kí ni eré gan-an lórí léètì? Ìdí tí nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ fi ń ṣi ni lọ́nà

Ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra léètì kékeré, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń yí irin kí ọ̀bẹ lè gé e, sílé ni pé, "Nọ́ńbà wo ni kí n gbé e sí?" Ó ti rí i pé nọ́ńbà wà lójú ẹ̀rọ náà, 300, 600, 900, ó sì rò pé bí nọ́ńbà bá ṣe pọ̀ tó ni irin yóò ṣe yára gé tó. Á gé ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní 900, á dán gbinrin. Lọ́jọ́ kejì á de irin tó nípọn bí ọrùn ọwọ́ mọ́ ọn, á fi í sí 900 yẹn kan náà. Kíá, ẹnu ọ̀bẹ ti dúdú, èéfín ń rú, ẹ̀rọ ń ké. Á ní ayédèrú ọ̀bẹ ni wọ́n tà fún òun. Ọ̀bẹ yẹn kò ní ẹ̀bi kankan. Ohun tí ó rò pé nọ́ńbà yẹn ń sọ kọ́ ló ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ẹ̀rọ méjèèjì tí wọ́n fi ń gé irin sọ́tọ̀. Lórí léètì, irin tí a fẹ́ gé ló ń yí. Chuck, ìyẹn ẹnu onírin mẹ́ta tó wà lápá òsì, ló dì í mú. Ọ̀bẹ ń rọra rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin náà tàbí kọjá níwájú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ohun tó bá ti orí léètì bọ̀ fi máa ń rí roboto: ṣáàfù, búùṣì, púlì, bóòtì. Lórí mílínì, ọ̀bẹ ló ń yí, irin wà ní dídè mọ́ tábìlì tí a ń fi ọwọ́ yí lọ yí bọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gé ojú irin kó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí wọ́n sì ti ń gbẹ́ àyè kíì, ìyẹn irin kékeré tó ń so ṣáàfù mọ́ púlì, sára ṣáàfù. Ẹ fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn, ó máa tó wúlò.

Nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ ń sọ iye ìgbà tí nǹkan yí po ní ìṣẹ́jú kan. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnu ọ̀bẹ kò sì mọ iye ìgbà tí irin yí; iye mítà irin tó kọjá níwájú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan ló mọ̀. Ẹ wo àwọn ọmọdé márùn-ún tó to ara wọn ní ìlà kan, tí wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, tí wọ́n ń yí igi máńgòrò po. Èyí tó wà nídìí igi ń rọra gbẹ́sẹ̀. Èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá ń sáré àsápajúdé, bẹ́ẹ̀ ìgbà kan náà ni gbogbo wọn jọ ń parí àyípo kan. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni ọmọ tó wà nídìí igi. Irin tó nípọn ni ti ẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹ mú ìbú irin náà, láti etí kan gba àárín kọjá dé etí kejì, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 3.14, àyíká rẹ̀ nìyẹn. Irin tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 10 ní àyíká mìlímítà 31.4. Tó bá yí po ní ìgbà 900 ní ìṣẹ́jú kan, bíi mítà 28 ló ti kọjá níwájú ọ̀bẹ. Irin tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 50 ní àyíká mìlímítà 157. Ní 900 kan náà, mítà 141 ló kọjá. Nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ kò yí padà, àmọ́ ìyà tó ń jẹ ẹnu ọ̀bẹ ti di ìlọ́po márùn-ún.

Mítà yẹn ni eré tòótọ́, òun sì ni irin kọ̀ọ̀kan ní òdiwọ̀n tirẹ̀ fún. Tí ọ̀bẹ bá jẹ́ HSS, ìyẹn irin ọ̀bẹ tí ọ̀pọ̀ ń fúnra wọn pọ́n lórí òkúta ìpọ́nbẹ, ibi tí a ti máa ń bẹ̀rẹ̀ fún mild steel tí gbogbo alurinmọ́rin mọ̀ ni mítà 25 sí 30 ní ìṣẹ́jú kan. Irin tí wọ́n yọ́ dà, bí irú èyí tó wà lára búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnì àtijọ́, kò fẹ́ ju bíi 20 lọ. Sitéńlẹ́ẹ̀sì tilẹ̀ lágídí jù bẹ́ẹ̀ lọ, 15 ti tó o. Idẹ lè gba 50. Alumíníọ́mù lè gbà tó 70 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí a bá ń fi kẹrosíìnì díẹ̀ sí i kó má baà lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀bẹ. Tó bá jẹ́ ọ̀bẹ carbide, èyí tó le ju HSS lọ, ni, àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí lè di ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Láti sọ mítà di nọ́ńbà tí a máa gbé ẹ̀rọ sí, ẹ sọ mítà náà di ìlọ́po 320, kí ẹ fi ìbú irin pín in. Fún mild steel ní mítà 30, ìlọ́po yẹn já sí 9600, nítorí náà 9600 ni ẹ ó máa pín. Irin mìlímítà 10, 960. Irin mìlímítà 25, 384. Irin mìlímítà 50, 192. Irin mìlímítà 100, 96. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ 9600 yẹn sára ògiri lẹ́bàá ẹ̀rọ, ìdajì wàhálà ti tán. Kò pọn dandan kó bọ́ sójú ẹ̀ gẹ́lẹ́. Tí ẹ̀rọ yín bá ní 180 àti 300, tí ìṣirò sì ní 192, ẹ lo 180.

Kí ló dé tí eré fi burú tó bẹ́ẹ̀ fún ọ̀bẹ? Ooru ni. Bí irin bá ń ya kúrò lára irin, agbára tí a lò á di ooru níbi ẹnu ọ̀bẹ gan-an, ọ̀bẹ tó bá sì gbóná jù á rọ̀. Fáìlì àtijọ́ tí àwọn kan ń pọ́n di ọ̀bẹ léètì máa ń pàdánù líle rẹ̀ láti nǹkan bíi 200 sí 250 lórí òdiwọ̀n Celsius. Ó ń gé irin lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdajì eré HSS ni kí ẹ fún un. HSS lè fara da nǹkan bíi 600. Carbide kọjá ìyẹn dáadáa.

Ẹni tó fi iṣẹ́ tán ọ̀rọ̀ yìí ni Frederick Winslow Taylor, ará Amẹ́ríkà. Òun àti Maunsel White ló wá ọ̀nà àtifi iná ṣe irin ọ̀bẹ ní ilé iṣẹ́ Bethlehem Steel ní Pennsylvania ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n sì fi han gbogbo ayé ní ìpàtẹ ńlá tó wáyé ní Paris lọ́dún 1900. Ẹnu ya àwọn ènìyàn pé ọ̀bẹ lè pọ́n bí ẹyin iná kó sì tún máa gé irin lọ. Nígbà tó fi máa di 1906 tí Taylor ń jábọ̀ fún ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà, ọdún 26 ló ti fi ń dán eré, jíjìn àti irú ọ̀bẹ wò, irin tí wọ́n sọ di èérún nídìí rẹ̀ sì ju 350 tọ́ọ̀nù lọ. Òfin tó rí nínú rẹ̀ kò dẹ́rùn fún aláìnísùúrù. Fún ọ̀bẹ HSS, tí a bá fi ìdá 10 nínú 100 péré kún eré, ọjọ́ ayé ọ̀bẹ á dín kù ju ìdajì lọ. Ọ̀bẹ tí ì bá gé irin fún wákàtí kan kó tó kú kò ní lò tó ìdajì wákàtí. Ṣùgbọ́n ẹ yí i padà: tí a bá dín eré kù ní ìdá 20 nínú 100, ọ̀bẹ á pẹ́ tó ìlọ́po mẹ́fà. Ilé iṣẹ́ ńlá tó ń san owó oṣù lè sọ pé àkókò wọ́n ju ọ̀bẹ lọ. Ẹni tó ń ṣe é nílé kò ní ìdí kankan láti kánjú. Èrò tèmi ni pé kí ẹ máa bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ nígbà gbogbo.

Àwọn kan á wá sọ pé, "Ṣé kí n kúkú ra carbide, kí n bọ́ lọ́wọ́ ìṣirò?" Lórí ẹ̀rọ kékeré, mi ò gbà wọ́n nímọ̀ràn rẹ̀ fún ìbẹ̀rẹ̀. Carbide le, ṣùgbọ́n ó tètè ń fọ́ bí àwo. Eré ńlá àti ẹ̀rọ tí kò mì ló fẹ́. Tí eré bá kéré, ojú irin á rí ṣákaṣàka. Tí ẹ̀rọ bá ń gbọ̀n, ẹnu rẹ̀ á fọ́. HSS á fara mọ́ ọn, tó bá kú, òkúta ìpọ́nbẹ á sọ ọ́ di tuntun.

Òfin mítà yìí tún ṣàlàyé nǹkan kan tó máa ń rú àwọn ènìyàn lójú. Nígbà tí a bá ń gé orí irin kó lè tẹ́, tí ọ̀bẹ ń ti etí bọ̀ wá sí àárín, ojú irin máa ń dán létí, á wá máa rí ṣákaṣàka bó bá ṣe ń sún mọ́ àárín. Ẹ̀rọ kò yí nọ́ńbà rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ìbú tí ọ̀bẹ ń gé ń dín kù, eré náà ń dín kù, títí á fi di òdo láàárín gbùngbùn. Kò sí ohun tí ọ̀bẹ ṣe. Àmọ́ tí kókó kékeré bíi ọmú bá ṣẹ́kù láàárín, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn: ẹnu ọ̀bẹ kò ṣe déédéé pẹ̀lú àárín irin. Ẹ fi irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín sábẹ́ rẹ̀ kó gòkè, tàbí kí ẹ yọ díẹ̀ kúrò bó bá ti ga jù.

Lórí mílínì wàyí, ìbú ta ni ká lò? Ohun tó ń yí la máa ń wò. Ọ̀bẹ ló ń yí níbẹ̀, nítorí náà ìbú ọ̀bẹ ni, kò kan bí irin ṣe tóbi tó. Ọ̀bẹ mìlímítà 10 nínú mild steel fẹ́ 960. Ọ̀bẹ olórí fífẹ̀ tó jẹ́ mìlímítà 50 fẹ́ 192. Dírìlì náà ń bẹ lábẹ́ òfin kan náà. Bíìtì mìlímítà 3 lè gba 3200, tí mìlímítà 20 sì fẹ́ 480. Ọ̀pọ̀ bíìtì ńlá tí wọ́n ń jó ní ṣọ́ọ̀bù, eré bíìtì kékeré ni wọ́n fún wọn.

Nǹkan kan wà níbí tí àwọn tó ń ta léètì kékeré kì í sọ. Èyí tí wọ́n ń kó wá láti Ṣáínà sábà máa ń ní kọ́ọ̀bù tí a fi ń dín eré kù bíi ti rédíò. Bí ẹ bá fi kọ́ọ̀bù yẹn nìkan gbé e wá sílẹ̀ sí 150, agbára mọ́tọ̀ ti lọ sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, irin ńlá á sì dá a dúró. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ bóyá ìfà jíà wà níbẹ̀, kí ẹ gbé e sí LOW. Jíà ń dín eré kù ó sì ń sọ agbára di púpọ̀. Kọ́ọ̀bù nìkan kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn léètì àtijọ́ tó ń lo bẹ́líìtì, bíi Myford tí wọ́n ń ṣe nígbà kan rí ní Beeston lẹ́bàá Nottingham, ní jíà yìí, tí wọ́n ń pè ní back gear. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè rọra yí irin ńlá láìrẹ̀.

Ó ku bí ọ̀bẹ ṣe ń rìn. Lórí léètì, a máa ń wọ̀n ọ́n ní mìlímítà fún àyípo kan: 0.1 sí 0.2 nígbà tí a bá ń gé wúruwùru, nǹkan bíi 0.05 nígbà tí a fẹ́ kó dán. Lórí mílínì, eyín ọ̀bẹ la fi ń ṣírò. Ọ̀bẹ eléyín mẹ́rin tó ń yí ní 960, tí eyín kọ̀ọ̀kan ń gé 0.05, gbọ́dọ̀ rin mìlímítà 192 ní ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn yára ju bí ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ṣe ń fi ọwọ́ yí tábìlì lọ. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, wọ́n á máa yí i díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì rò pé àwọn ń ṣàánú ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ tí kò bá rí nǹkan gé á máa họ irin ni, họ́họ́họ́ yẹn ló ń pa ẹnu rẹ̀. Fún sitéńlẹ́ẹ̀sì, ó burú jù: ibi tí ẹ bá fi ọ̀bẹ họ láìgé, á le sí i, ọ̀bẹ tó bá tún dé ibẹ̀ á bá òkúta pàdé. Lórí sitéńlẹ́ẹ̀sì, ẹ rọra yí, ṣùgbọ́n ẹ gé e gidi.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba irin jẹ́ ni nọ́ńbà orí ọwọ́ tí a ń yí láti ti ọ̀bẹ wọlé. Lórí ọ̀pọ̀ léètì, tí ẹ bá ti ọ̀bẹ wọlé ní mìlímítà 0.5, mìlímítà 1 ló máa kúrò nínú ìbú irin, nítorí ọ̀bẹ ń gé apá méjèèjì bí irin ṣe ń yí. Àwọn léètì mìíràn wà tí wọ́n ti ṣírò èyí mọ́ nọ́ńbà wọn. Ẹ má ṣe méfò. Ẹ gé díẹ̀, ẹ fi kálípà wọ̀n ọ́n, ẹ yí ọwọ́ ní 0.2, ẹ tún gé, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bí ìbú bá dín kù ní 0.4, ẹ ti mọ irú èyí tí ẹ ní.

Ọwọ́ yẹn náà ní àlàfo nínú. Súkúrúù àti nọ́ọ̀tì tó ń gbé ọ̀bẹ kì í fún mọ́ ara wọn pátápátá, torí náà tí ẹ bá yí i sẹ́yìn, nọ́ńbà á ti máa rìn kí ọ̀bẹ tó gbéra. Ẹni tó bá ti kọjá ibi tó fẹ́ kò gbọdọ̀ kàn yí i padà sórí nọ́ńbà. Ẹ yí i sẹ́yìn tó àyípo kan gbáko, kí ẹ tún padà wá láti apá tí ẹ ti ń bọ̀ tẹ́lẹ̀. Lórí mílínì, àlàfo yìí lè di ewu. Bí eyín ọ̀bẹ bá ń lọ sí apá ibi tí irin ń lọ, á gán an mú, á fà á wọlé lójijì pẹ̀lú gbogbo àlàfo yẹn, ọ̀bẹ á sì ṣẹ́. Ẹ rí i dájú pé eyín ọ̀bẹ ń dojú kọ irin tó ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ ewu náà rèé, mo sì fẹ́ kí ẹ mú un ní pàtàkì. Ẹ má wọ ìbọ̀wọ́ nídìí léètì, bó ti wù kí èérún irin mú tó. Ìbọ̀wọ́ tó bá kan irin tó ń yí á wọ́ ọwọ́ lọ pẹ̀lú rẹ̀. Agbádá, bùbá alápá gbọọrọ, ṣéènì ọrùn, irun gígùn tí a kò dì, ẹ fi gbogbo wọn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ fi awò ìdáàbòbò sójú. Kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń fún chuck kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín nígbà tó bá wà lára chuck; tí ẹ bá tan ẹ̀rọ pẹ̀lú rẹ̀ níbẹ̀, á fò bí ọta. Èérún gígùn tó ń yí bí okùn, ẹ pa ẹ̀rọ kí ẹ tó fi ìkọ́ yọ ọ́.

Èérún yẹn sì ni ẹ ó máa wò. Pẹ̀lú HSS, ó yẹ kí ó máa tàn bí fàdákà tàbí kó pọ́n ráńpẹ́. Tó bá ti di aró, eré ti pọ̀ jù. Pẹ̀lú carbide, aró kò burú.

Bí ẹ̀rọ bá ń ké, tí ojú irin sì ń ní ìlà wẹ́wẹ́, gbígbọ̀n ni. Ẹ dín eré kù, ẹ jẹ́ kí ọ̀bẹ rìn díẹ̀ sí i, kí ẹ sì wo bí nǹkan ṣe yọ jáde tó. Tí ọ̀bẹ tàbí irin bá yọ jáde ní ìlọ́po méjì, bó ṣe ń tẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́jọ. Irin tó bá yọ ní ẹnu chuck ju ìlọ́po mẹ́ta ìbú rẹ̀ lọ, ẹ fi ohun ìgbéró tó wà ní ìdí léètì, tí wọ́n ń pè ní tailstock, tì í lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká fi gbogbo rẹ̀ ṣe iṣẹ́ kan. A fẹ́ ṣáàfù fún ẹ̀rọ ìlọta, kí ó wọ bẹ́ẹ̀rìn 6205 tí ihò rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 25. Irin mild steel tó wà nílẹ̀ jẹ́ mìlímítà 28. Ẹ fi 28 pín 9600, ó jẹ́ 343. Ẹ lo nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lára ẹ̀rọ. Irin náà gùn, ẹ ti ìdí rẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ gé lẹ́ẹ̀mejì ní 0.5, ìbú á di 27, á di 26. Ẹ gé 0.3, á di 25.4. Ẹ gé 0.15, á di 25.1. Níbí ni kí ẹ dúró, nítorí irin ti gbóná. Irin tó gbóná ní ìwọ̀n 40 ju bó ṣe yẹ lọ ti fẹ̀ ní nǹkan bíi mìlímítà 0.012 lórí ìbú yẹn. Kò tó nǹkan lójú, ṣùgbọ́n láàárín bẹ́ẹ̀rìn tó wọ̀ gbọn-in àti èyí tó ń yẹ̀ lára ṣáàfù, nǹkan tó wà níbẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ fi màìkírómítà wọ̀n ọ́n, kí ẹ wá gé 0.05 tó kù.